Windows, Linux àbí Android: kí la máa fi sí pátákó oníná ní páàkì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Akọ̀wé_Páàkì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Páàkì kékeré kan la ní lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn là ń ná. Micra ló pọ̀ jù lórí ìlà Ìlọrin, Sienna àti bọ́ọ̀sì ló ń lọ Ìbàdàn. Alága wa ti pinnu pé ká gbé pátákó oníná kan síwájú ṣẹ́ẹ̀dì, kí èrò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà lè rí i láti òkèèrè: ọkọ̀ wo ló ń gbé báyìí, èló ni owó ọkọ̀, àyè mélòó ló kù.

Oníṣòwò kan ti mú ìwé iye owó wá: tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55, kọ̀ǹpútà kékeré tókunbọ̀ tí Windows 10 wà lórí ẹ̀, àti inverter. Àwọn ọmọ LAUTECH tó máa ń wọkọ̀ wa ní ká má dá a lóhùn, pé Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ kan, àti Linux ló dáa. Àbúrò alága ní Android TV box ni ká rà, torí kò wọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wádìí, bẹ́ẹ̀ mánífẹ́ẹ̀sì ni mo mọ̀ ọ́n kọ.

Bí ibẹ̀ ṣe rí nìyí: páànù ni ṣẹ́ẹ̀dì, ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń gbá a lójú gan-an. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, bó ṣe wù ú. Eruku ọ̀nà ò sì ní ọjọ́ ìsinmi. Aago márùn-ún ìdájí la ń ṣí, a ń tì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

OS wo, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ni ká mú? Ẹ̀rọ wo ni?

Pẹngúìn_UnderG

Ẹ ǹlẹ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbá Windows 10 yẹn kúrò nílẹ̀. Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún un láti October 14, 2025. Bó bá sì jẹ́ tókunbọ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Intel ìran kẹfà ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, Microsoft ò gba Windows 11 láyè lórí ẹ̀. Ẹ̀dà Windows 10 kan wà tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ báyìí, IoT Enterprise LTSC 2021, àtìlẹ́yìn tirẹ̀ dé January 2032, ṣùgbọ́n ẹ bi oníṣòwò yẹn léèrè bóyá òun ló fi sí i. Mo mọ ohun tó máa dáhùn.

Tèmi ni Raspberry Pi 4, pẹ̀lú Raspberry Pi OS tí wọ́n kọ́ lórí Debian, ọ̀kan nínú ẹ̀yà Linux. Bó bá ti ń jí, ẹ ní kó ṣí Chromium tí wọ́n fi ń wo ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, kó gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n, kó má sì fi nǹkan kan hàn ju ojú-ewé tí a bá kọ fún un lọ. Ohun tó máa ń pa Pi nílẹ̀ wa ni iná tó já lójijì. Bó bá já nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí káàdì microSD, káàdì lè bàjẹ́, kó má jí mọ́. Oògùn ẹ̀ wà nínú raspi-config, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò Pi, níbi tí wọ́n kọ Overlay File System sí. Ẹ tan án: káàdì á di kíkà nìkan, ohun yòówù tí ẹ̀rọ bá ń kọ, inú RAM ló ń lọ, bí iná bá lọ, ó bá a lọ, kò sí wàhálà. Ẹ tún ra aago kékeré DS3231 mọ́ ọn, torí Pi 4 ò ní aago tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ò sí. Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, aago tó bá wù ú ló máa sọ fún èrò.

Pi 5 tó jáde ní 2023 ti ní àyè aago nínú, ṣùgbọ́n volt 5, ampere 5 ló ń fẹ́ kó tó lè lo gbogbo agbára ẹ̀. Ṣájà fóònù lásán ò ní gbé e. Pi 4 ti tó.

Àbúrò_Alága

Èmi ni àbúrò alága tí wọ́n ń sọ. TV box ò ní aago, kò ní Debian, kò ní raspi-kí-ni. Ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ki fíláṣì bọ̀ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Kí lẹ tún ń wá?

Pẹngúìn_UnderG

Bọ̀ọ̀dá, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn TV box olówó pọ́ọ́kú yẹn, kí wọ́n tó kúrò ní ilé iṣẹ́ ni kòkòrò ti wà nínú wọn. BADBOX ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú ẹ̀. Ní June 2025, FBI ní Amẹ́ríkà kéde fáráyé pé irú àwọn TV box bẹ́ẹ̀ ń fi íntánẹ́ẹ̀tì onílé ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀daràn. Dátà páàkì ló máa jẹ, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ Android tó dájú lẹ fẹ́, owó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Pi dọ́gba.

Ará_Jámánì

Ọmọ Àpáké ni mí, Jámánì ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ Windows yìí, ojú wa ti rí i níbí. Ní May 2017, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry ń jà káàkiri ayé, pátákó àwọn ibùdókọ̀ ojú irin Deutsche Bahn wà lára ohun tó kọlù. Ibi tó yẹ kí èrò ti wo àkókò ọkọ̀, ìwé àwọn tó ń béèrè owó ìràpadà ló gbalẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ ń rìn o, pátákó ló ń sọ tiẹ̀. Ní July 19, 2024, àtúnṣe kan tó lábùkù láti CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, dá ẹ̀rọ Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 dúró. Pátákó pápákọ̀ òfurufú di búlúù, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi máákà kọ àkókò ìgbéra sórí pátákó funfun.

Ẹ má rò pé Windows nìkan ni mò ń bú. Ní January 2024, wọ́n kéde iṣẹ́ kan níbí, wọ́n ń wá ẹni tó mọ Windows 3.11 àti MS-DOS, nítorí ojú ìfihàn tó wà lọ́dọ̀ awakọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Windows 3.11, ti 1993! Àwọn èèyàn fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń rìn. Ohun tí ẹ bá kàn mọ́ ògiri lónìí, ó lè wà níbẹ̀ di ìgbà tí akọ̀wé mìíràn á dé. Nítorí náà ìbéèrè tèmi ni pé: ṣé pátákó yín tiẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì? Iye àyè tó kù nínú Micra, Google ò mọ̀ ọ́n. Inú páàkì lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń wá, inú páàkì náà ló ń parí sí.

Pẹngúìn_UnderG

Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ iwájú ńkọ́? Mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí n kọ fáìlì GTFS fún páàkì, ìyẹn ìlànà kíkọ ọ̀nà àti àkókò ọkọ̀ fún kọ̀ǹpútà, tí Google àti TriMet, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, jọ bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lágbàáyé ń lò báyìí. Àwọn Digital Matatus ní Nairobi fi ṣe àwòrán ọ̀nà matatu, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ matatu náà ò ní àkókò pàtó.

ÌyáTíkẹ́ẹ̀tì_Owódé

Ẹ kú ìjíròrò o. Páàkì kan ní Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, apá Owódé. Ọkọ̀ kún, ọkọ̀ lọ, ìyẹn ni àkókò wa. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹnì kankan nínú yín ò tíì béèrè ẹni tó máa máa tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n gbé irú ẹ̀ wá sí ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n gidi ni, ó ń dán. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè sọ "ó ku 4" di "ó ku 3", wọ́n á wá máòsì, wọ́n á ṣí fáìlì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún ní kó pamọ́. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí èrò ń tì mí, tí dírẹ́bà ń pariwo pé òun ni tọ́ọ̀nù kàn, tí ẹnì kan ń bẹ̀ mí fún ṣéńjì, ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi di máòsì mú? Kò pẹ́ tí pátákó fi ń sọ pé ọkọ̀ Ìbàdàn ku mẹ́rin nígbà tí ọkọ̀ ọ̀hún ti kọjá Fìdítì. Èrò ò wò ó mọ́. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi wò.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fúnra wa. Ta ni ò mọ "Ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan wọlé!"? O máa sáré wọlé, o máa bá èèyàn méjì, bí o bá sì ti jókòó tán ni ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á rọra bọ́ sílẹ̀, torí agbèrò lòun náà. Pátákó tí ẹ fẹ́ gbé yìí, irọ́ ẹnu àwọn agbèrò yẹn ló fẹ́ já. Bó bá jẹ́ àwọn lẹ fi síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, "ó ku 1" ló máa máa sọ láti ìdájí dalẹ́. Bó bá sì jẹ́ dírẹ́bà, bákan náà.

Ẹni tó ń gbowó ni kó máa tẹ̀ ẹ́. Owó wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó tẹ bọ́tìnì kan, àyè dín kan. Kó jẹ́ bọ́tìnì tí mo lè fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ láìwò ó. Ẹ̀rọ tí kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ Debian ẹ̀.

Akọ̀wé_Páàkì

Mà, mo ka tiyín sétí alága. Ó rẹ́rìn-ín gan-an nígbà tí mo dé ibi "ẹnì kan wọlé". Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ká fi tábìlì tíkẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ pátákó gan-an, kí ẹnikẹ́ni má lọ tẹ nǹkan lẹ́yìn.

OníLED_Sábó

Iṣẹ́ tèmi nìyí, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, ti fámásì, ti ilé epo. Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò lọ́kàn. Ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n inú ilé kì í sábà ju nits 250 sí 350 lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún ìta gbangba máa ń tó 2,500 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Níwájú oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ń sọ yẹn, ojú ara yín lẹ máa rí nínú ẹ̀. Bí oòrùn bá sì ń gbá a lójú lójoojúmọ́ báyẹn, gíláàsì ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n dúdú.

P10 pupa, páànẹ́lì iná LED, ni kí ẹ lò. Páànẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32 lórí 16, iná 32 lórí 16 ló wà lójú ẹ̀. Ẹ to mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mẹ́ta sókè: páànẹ́lì 12, mítà kan ó lé díẹ̀ ní fífẹ̀. Ìlà mẹ́ta lẹ ní yẹn, Ìlọrin lókè, Ọ̀yọ́ láàárín, Ìbàdàn nísàlẹ̀, lẹ́tà bí 18 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò sí àwòrán, kò sí fídíò, bọ́ọ̀lù ò lè sí níbẹ̀ mà.

Èyí tí wọ́n ṣe fún ìta, iwájú ẹ̀ kì í gba omi. Ẹ̀yìn ń gbà á. Kí ẹni tó máa kàn án fi páànù bo ẹ̀yìn ẹ̀, kó sì ṣí àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Sólà_Oníná

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò iná ẹ̀. Bí gbogbo iná P10 pupa kan bá tàn pọ̀, ó lè jẹ bíi wáàtì 20. Méjìlá jẹ́ 240. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lẹ ń kọ, gbogbo iná kì í tàn pọ̀. Bí ìdá mẹ́rin ló máa ń tàn, ẹ ṣírò ẹ̀ sí 60. Láti aago márùn-ún ìdájí dé mẹ́sàn-án alẹ́ jẹ́ wákàtí 16. Wáàtì-wákàtí 960 nìyẹn. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù volt 12, ampere-wákàtí 100, ní nǹkan bíi 1,280 nínú. Bátìrì ẹyọ kan lè gbé pátákó yín láti ìdájí dalẹ́ kódà bí òjò bá gba oòrùn lọ́wọ́ páànẹ́lì sólà.

Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55 àti kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹ fi sí wáàtì 150, kí inverter tó jẹ tiẹ̀. Ìyẹn ju 2,400 lọ lójúmọ́. Bátìrì méjì, á sì tún fún wọn mọ́ra. Owó tí oníṣòwò yín kọ fún inverter, ibẹ̀ ni èrè ẹ̀ wà.

Ẹ má fi inverter sí i rárá. Volt 5 ni P10 ń mu, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń sọ volt 12 di 5 sáàárín. Ohun kan péré: kí ẹ̀rọ yẹn lè gbé ọjọ́ tí gbogbo iná bá tàn pọ̀, tàbí kí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ kù nínú kóòdù. Wáyà tó nípọn ni kó ti ibẹ̀ jáde. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ kí páànẹ́lì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán máa ṣẹ́jú.

Pẹngúìn_UnderG

Ó dáa, bó bá jẹ́ P10 àti bọ́tìnì, Pi ti pọ̀ jù. ESP32, ẹ̀rọ pẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ tó kéré sí Pi, ni kí a lò. FreeRTOS ló wà nínú ẹ̀, OS kékeré tí Richard Barry bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tí ẹ ò ní rí lójú láé. Kò ní káàdì tó lè bàjẹ́ bí iná bá já. Iná dé, ó jí, kí ẹ tó pe "ó dé" ó ti ń kọ̀wé. Iye àyè tó kù, á fi pamọ́ sínú ara ẹ̀, bí iná bá lọ láàárín, kò ní padà sí òdo. Bọ́tìnì mẹ́ta, ọ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àyè dín kan. Di í mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ọkọ̀ mìíràn wọ tọ́ọ̀nù, àyè padà sí kíkún. Owó ọkọ̀ nìkan ni akọ̀wé á máa fi fóònù yí padà, látorí Wi-Fi ESP32 fúnra ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, Ará Jámánì lè sùn.

ÌyáTíkẹ́ẹ̀tì_Owódé

Èrò tó bá sanwó tó wá bọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé, ẹ dá owó òun padà.

Pẹngúìn_UnderG

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, àyè kan á padà. Ẹ ṣeun mà, n ò rò ó débẹ̀.

Akọ̀wé_Páàkì

Ó kù síbì kan. Alága ní òun ò fẹ́ kí wọ́n kọ "OYO" lásán. Ó fẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti àmì ìdí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní iléèwé. Oníṣòwò yẹn ní kò ṣeé ṣe lórí LED.

OníLED_Sábó

Ó ṣeé ṣe. Lórí káàdì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi áàpù fóònù darí, ó le, torí lẹ́tà òyìnbó nìkan ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ìdí tó fi ń le ni pé Ọ tó ní àmì ohùn lórí ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ọ ní nọ́ńbà tiẹ̀, àmì orí ní tiẹ̀, ẹ̀rọ ló máa tò wọ́n lé ara wọn. Èyí tí ò bá mọ̀ ọ́n tò á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, bí fìlà tó ṣí lórí.

Ṣùgbọ́n ESP32 tí ọmọ yìí ń sọ, àwòrán la máa yà fún un, a ò ní kọ lẹ́tà. Orúkọ ìlú mẹ́ta péré ni. Iná 16 ni gíga ìlà kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta fún àmì ohùn, mẹ́sàn-án fún lẹ́tà fúnra ẹ̀, ọ̀kan òfìfo, méjì fún àmì abẹ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ó ku ẹnì kan wọlé.

Àbúrò_Alága

😂 Ẹ̀yin èèyàn yìí! Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n TV box mi wà nílẹ̀ o, bí ESP bá kọ̀.

Ará_Jámánì

Ẹ ra ESP32 méjì, kí ẹ kọ kóòdù kan náà sórí méjèèjì, kí ẹ fi èkejì sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú okùn ẹ̀. Kí Pẹngúìn sì fi kóòdù náà lé akọ̀wé lọ́wọ́ lórí fíláṣì, torí á gboyè, á sì kúrò ní Under-G lọ́jọ́ kan.

Akọ̀wé_Páàkì

Alága ti fọwọ́ sí i. Ìlà Ìlọrin nìkan la máa kọ́kọ́ gbé, páànẹ́lì mẹ́rin, torí Micra ló ń kún kíákíá jù, ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá ọwọ́ oní-tíkẹ́ẹ̀tì lè bá a. Bó bá dúró dáadáa, a ó fi méjèèjì yòókù sí i. Mo ti sọ fún oníṣòwò yẹn pé kó máa bọ̀ wá gba ìwé ẹ̀. Ọ̀gá OníLED, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wọn iwájú ṣẹ́ẹ̀dì fún wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

OníLED_Sábó

Mò ń bọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ bá mi wá àkàbà o, tèmi ò ga tó ṣẹ́ẹ̀dì.